Oṣù ọmọ mi kò pé tí mo fi bí i: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà?

Ìyá Tuntun: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ̀yin ìyá mi. Ọ̀sẹ̀ 32 ni oyún mi wà tí mo rọbí lójijì. Kìlò 1.6 ni ọmọ náà nígbà tí mo bí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ní wọ́ọ̀dù: ọjọ́ díẹ̀ nínú àpótí gíláàsì, ìyókù lórí àyà mi. Ní báyìí ó ti tó kìlò 2.4, ó sì ń mu ọmú dáadáa. Ní Ọjọ́rú yóò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú káàdì pé kí n gbé e wá fún àjẹsára. Ìyá ọkọ mi ní rárá, pé bí a bá ka oyún, inú ló yẹ kí ọmọ yìí ṣì wà. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ sanra. Kí n má purọ́, bí mo bá wo itan rẹ̀, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣé mo lè sún un síwájú? Àbí kí n ní kí wọ́n gún un ní ìdajì?

Màmá Ìbejì: Ọmọ mi, ohun tí ìyá ọkọ rẹ sọ ni ìyá tèmi náà sọ. Mo gbọ́, mo dá àwọn ìbejì dúró di oṣù kẹrin. Ikọ́ ló kọ́kọ́ wọlé kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Èkejì wú u títí ètè rẹ̀ fi dúdú, ọjọ́ mọ́kànlá la sùn sí ọsibítù. N kò bínú sí ìyá mi, ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò tún jẹ́ ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọ: Ọjọ́ tí a bí ọmọ la fi ń ka àjẹsára, kì í ṣe ọjọ́ tí à bá bí i. Agbára tí ara ìyá fi ń bá àrùn jà, oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún ló máa ń pọ̀ wọ inú ọmọ. Èyí tó jáde ní ọ̀sẹ̀ 32 kó ìwọ̀nba tó kó, ó fi ìyókù sílẹ̀ sínú ìyá. Òun gan-an ló yẹ ká tètè gún. Odindi la sì ń gún un o, ìdajì kò ní kọ́ ara rẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Àìsàn tó le lọ́wọ́ ló lè mú wa dá a dúró. Ti kíkéré kọ́.

Ẹ tún wo káàdì yín dáadáa. Abẹ́rẹ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí wọ́n gún un láàárín wákàtí 24 tí ẹ bí i, a kì í kà á mọ́ mẹ́ta tó ń bọ̀, torí ọmọ kò tó kìlò 2 nígbà náà. Kò ṣòfò, ó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní ó ku méjì péré, ẹ ní kó tún un kà.

Bàbá Kékeré: Kí a sọ òdodo fún un tán. Ọ̀sẹ̀ 27 la bí tiwa. Lóru ọjọ́ tí wọ́n gún un, èémí rẹ̀ dúró díẹ̀, ẹ̀rọ sì figbe ta. Ìyàwó mi kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọ: Òótọ́ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó kéré jọjọ, pàápàá àwọn tí a bí kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 28. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gún wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ wa, tí a sì ń ṣọ́ wọn fún wákàtí 48. Ọmọ tó ti wà nílé, tó ń mumú, tó ń sanra, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ìyá Tuntun: Bí ara rẹ̀ bá gbóná ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọ: Ẹ fún un lọ́mú bí wọ́n ṣe ń gún un lọ́wọ́, ẹkún á dín kù. Ara lè gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, itan lè wú. Ẹ má fún un ní oògùn ibà láìbi wá. Bí ìgbóná ara bá dé 38, tàbí ara rẹ̀ tutù, tí kò mumú, tí gìrì mú un, tí ó ń mí tó ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́.

Ìyá Tuntun: Ẹ ṣé gan-an. A lọ lánàá. Ìyá ọkọ mi ló gbé e, àwọn ló tún sunkún ju ọmọ lọ. Ó sùn, ó jí, ó mumú. Ìbéèrè kan ló kù: ojú abẹ́rẹ́ apá tí wọ́n gún un lọ́jọ́ tí a kúrò ní wọ́ọ̀dù ti wú, ó fẹ́ di egbò. Kí ni kí n fi pa á?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Ọmọ: Ẹ má fi nǹkan kan pa á. BCG nìyẹn, ti ikọ́ ife. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹfà: á wú, á tú, lẹ́yìn náà á gbẹ díẹ̀díẹ̀, á fi àpá sílẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má dì í. Àfi bí abíyá rẹ̀ bá wú, ẹ gbé e wá ká wò ó.