Ọkọ̀ Mi Ti Wọ́ Kí N Tó Mọ̀: Ìrírí Àwa Tí A Ń Kan Ọkọ̀ Àwòṣe

Ẹni kìíní

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o, ẹ̀yin tí a jọ ń kan ọkọ̀ kéékèèké. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti ọkọ̀ tí mo fi ń yangàn. Ti èyí tí ó wọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà sọ tiyín, nítorí pé ọkọ̀ tí ó ti parí, tí a ti kùn, tí a ti nù títí ó fi ń dán, kì í sọ ohun tí ojú ẹni tó kàn án rí.

Bluenose ni mo ń kàn. Ọkọ̀ ìpẹja onígbòkun olópòó méjì ni, tí wọ́n sọ sómi ní ìlú Lunenburg ní Kánádà ní ọdún 1921, tí eré rẹ̀ sì gbayì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Kánádà fi àwòrán rẹ̀ sára owó ẹyọ sẹ́ǹtì 10 wọn. Ọkọ̀ gidi gùn ju mítà 43 lọ díẹ̀. Ìwọ̀n tí mo yàn ni 1 sí 75, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohun tó gùn ní mítà kan lára ọkọ̀ gidi yóò jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 13 lára tèmi, gbogbo ọkọ̀ náà yóò sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 58.

Ẹ mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀: a ó gbé ọ̀pá ẹ̀yìn ọkọ̀ kalẹ̀, a ó ki àwọn egungun ìhà bọ ojú tí a ti là fún wọn sára rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó wá máa fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó láti iwájú dé ìdí. Pákó tèmi fẹ̀ ní mìlímítà 5. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọwọ́ mi yá, mo sì to pákó 9 sí ìhà ọ̀tún láì fọwọ́ kan ìhà òsì rárá, nítorí pé bí mo ṣe gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ rọ̀ mí lọ́rùn, n kò sì fẹ́ yí i padà. Mo sùn pẹ̀lú ìdùnnú. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, gọ́ọ̀mù ti gbẹ, pákó tí mo rẹ sómi ti súnkì, wọ́n sì ti fa ọ̀pá ẹ̀yìn náà mọ́ra títí ó fi tẹ̀ bí ọrun. N kò tètè rí i. Ìgbà tí mo gbé e sókè, tí mo na apá tán, tí mo di ojú kan, tí mo sì wò ó láti ìdí lọ sí iwájú, ni mo rí i pé iwájú ọkọ̀ mi ti yà sí ọ̀tún bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lójú títì. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni wọ́n ní kí á ti máa wò ó; èmi kò wo tèmi láti òkèèrè títí ó fi gùn mí lójú.

Ohun tó yọ mí ni pé gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni mo fi lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe èyí tí ń gan lójú ẹsẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́ sípíríìtì sí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra, mo dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo sì ń ki abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bọ abẹ́ pákó náà díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi tú ohun tí mo fi ọjọ́ kan tò. Mẹ́ta nínú pákó mẹ́sàn-án náà ṣẹ́.

Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, mo kọ́kọ́ fi igi fífúyẹ́ di gbogbo àlàfo tó wà láàárín egungun ìhà, kí ọ̀pá ẹ̀yìn má bàa ráyè tẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, bí mo bá lẹ ọ̀kan sí ọ̀tún, òsì ló kàn. Ohun kejì tí n kò ṣe lákọ̀ọ́kọ́ ni fífá ẹnu pákó. Ìkùn ọkọ̀ fẹ̀ ju iwájú rẹ̀ lọ, iye pákó kan náà ni yóò sì bo méjèèjì. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi wọn egungun ìhà kọ̀ọ̀kan: ti àárín jẹ́ mìlímítà 60, èyí tí pákó 12 bò láì ku síbì kan, ṣùgbọ́n ti iwájú kò ju 36 lọ, nítorí náà pákó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tín-ín-rín di mìlímítà 3 kí ó tó débẹ̀. Ẹni tí kò bá fá a, tí ó ń fi ipá tì í, yóò rí i pé pákó náà máa ń gun orí ara wọn bí ìpẹ́ ẹja.

Títẹ̀ pákó ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Bí ó bá ti wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú 20, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lé ara áyọ̀ọ̀nù gbígbóná. Omi á kọ́kọ́ ké ṣìì, òórùn igi á gba inú yàrá, mo ṣì máa ń rò pé yóò ṣẹ́, àfi kí igi náà dẹwọ́ lójijì, kí ó tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Bí ó bá tutù tán, kò ní padà sí bí ó ṣe wà mọ́.

Tiyín ńkọ́?

Ẹni kejì

Ẹ kú oríire o, nítorí pé tiyín ṣeé tú. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí mo parí ọkọ̀ ni àṣìṣe tèmi tó fara hàn. Victory ni mo kàn, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sọ sómi ní ọdún 1765, tí ó jà ní Trafalgar ní ọdún 1805, tí ó sì wà ní Portsmouth títí di òní. Ìbọn àgbá 104 ni ó gbé. Òjé ni wọ́n fi rọ àwọn àgbá tí mo rà, mo kùn wọ́n ní dúdú, wọ́n sì dára lójú. Mo wá kan àpótí gíláàsì fún ọkọ̀ náà, igi óòkù ni mo fi ṣe férémù rẹ̀, mo sì dí gbogbo ojú rẹ̀ pinpin kí eruku má bàa wọlé.

Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́nu àgbá mélòó kan. Mo nù ún, ó padà wá. Nígbà tí yóò fi di oṣù díẹ̀ sí i, ọ̀dà dúdú ara wọn ti ń hó, ẹnu àgbá méjì sì rún mọ́ mi lọ́wọ́. Èéfín kíkan kan máa ń jáde lára igi óòkù, èyí tí ó jẹ́ ti inú fínígà gan-an. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò máa jẹ òjé títí yóò fi sọ ọ́ di ẹbu. (Àwọn aṣọ̀dà àtijọ́ mọ èyí dáadáa, nítorí pé òjé àti fínígà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà funfun. Èmi nìkan ni kò mọ̀.) Àgbá onídẹ ni mo fi pààrọ̀ gbogbo wọn, mo sì lu ihò wínníwínní sí ìdí àpótí náà kí afẹ́fẹ́ lè máa rìn. Nígbà tí mo ń yọ àwọn ti ìsàlẹ̀, méjì já sínú ọkọ̀. Bí ẹ bá gbé e lónìí, ẹ ó gbọ́ ìró wọn.

Ẹni kẹta

Igi mi kò wọ́, òjé mi kò sì rún. Àwọ̀ ni mo ṣì kùn. Vasa, ọkọ̀ ogun àtijọ́ ti ilẹ̀ Swídìn, ni mo kàn, mo sì kun òkè rẹ̀ ní àwọ̀ aró gẹ́gẹ́ bí àwòrán ara páálí rẹ̀ ti wí. Nígbà tí mo ti lẹ gbogbo ère ìdí rẹ̀ tán, tí mo ti fi wúrà tọ́ wọn lójú, ni mo kà á pé àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ṣe sí ẹ̀rún ọ̀dà tó kù lára ọkọ̀ gidi fi hàn pé pupa ni. Ọkọ̀ àwòṣe tí ó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Vasa ní Stockholm, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1 sí 10, pupa ni wọ́n kùn ún. N kò fọ tèmi o. Ère tí kò tóbi ju èékánná lọ kò lè fara da sáńpépà, ó sàn kí ó wà bẹ́ẹ̀ ní aláró.

Ẹni kẹrin

Ọ̀rọ̀ Vasa yìí ló jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí pé irú ohun tó rì í ni ó dojú ọkọ̀ mi dé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1628 ni Vasa kọ́kọ́ ta ìgbòkun ní Stockholm, kò sì rìn ju nǹkan bí mítà 1,300 lọ tí afẹ́fẹ́ fi tì í dẹ̀gbẹ́, tí omi gba ojú ihò àgbá wọlé, tí ó sì rì. Òkè rẹ̀ ti wúwo jù fún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èmi kò kan ọkọ̀ ogun. Endeavour ni mo kàn, ọkọ̀ ìdíje tí wọ́n ṣe ní Gosport ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó lọ bá Rainbow ti Amẹ́ríkà du ife America's Cup ní ọdún 1934, tí Rainbow sì borí rẹ̀. Ó gùn tó mítà 39 àti ààbọ̀. Mo dín in kù sí 1 sí 40, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mítà kan, mo sì tẹ̀ lé àwòrán náà láì yẹ̀ síbì kan: gíga òpó, fífẹ̀ ìgbòkun, bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe jìn tó nínú omi. Nígbà tí mo gbé e sórí adágún, afẹ́fẹ́ tí kò lè mi ewé dáadáa fẹ́, ọkọ̀ sì sùn gbalaja, ìgbòkun rẹ̀ ń mu omi.

Ìṣirò ni mo lọ jókòó tì. Bí gígùn bá dín sí ìdá kan nínú 40, fífẹ̀ ìgbòkun á dín sí ìdá kan nínú 1,600, ṣùgbọ́n ìwúwo ọkọ̀ á dín sí ìdá kan nínú 64,000. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ kò dín rárá. Kò mọ̀ pé ọmọdé ni òun ń bá jà. Bí a bá fi wé ọkọ̀ gidi nínú afẹ́fẹ́ kan náà, agbára tí ń dá tèmi dúró ti fi ìlọ́po 40 kéré sí èyí tí ń tì í ṣubú. Ìdí nìyí tí ìsàlẹ̀ àwọn ọkọ̀ ìdíje tí a ń fi rédíò darí kì í fi jọ ti ọkọ̀ gidi. Ẹ wo irú èyí tí wọ́n ń pè ní International One Metre: ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ gùn ju mítà kan lọ, síbẹ̀ ọ̀pá pẹlẹbẹ abẹ́ rẹ̀ lè wọ omi tó sẹ̀ǹtímítà 42, ọ̀pá náà pẹ̀lú òjé tó wà ní ìparí rẹ̀ sì ju ìdajì ìwúwo gbogbo ọkọ̀ lọ. Mo ṣe irú rẹ̀ fún Endeavour mi, mo sì fi ìdè mú un kí ó ṣeé yọ. Lórí omi, ó dà bí ẹja tí ó gbé òkúta mì. Lórí pẹpẹ, mo máa ń tú u kúrò, kí àwọn tí kò fẹ́ kí mìlímítà kan yẹ̀ má bàa bú mi.

Ẹni kìíní

Ẹ ṣeun gidigidi. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ òjé yẹn tán, mo dìde lọ wo àpótí tí mo ti rà sílẹ̀ de Bluenose. Óòkù ni ìdí rẹ̀. Mo ti dá a padà.

Ọkọ̀ náà ti dé orí okùn báyìí. Àkàbà okùn tí àwọn atukọ̀ ń gùn lọ sókè òpó ni mo ń ta lọ́wọ́, mìlímítà 5 ni mo fi sí àárín ìgbésẹ̀ kan àti èkejì, kókó kọ̀ọ̀kan ni mo sì ń fi ẹ̀mú dì lẹ́yìn tí mo bá ti fi ìda oyin pa òwú náà kí irun rẹ̀ má bàa dìde. Ìlà mẹ́wàá ni mo lè ta lálẹ́ ọjọ́ kan kí ojú mi tó máa rí òwú méjì níbi tí ẹyọ kan wà. Ní ti wíwọ́ yẹn, kò lọ tán. Bí ẹ bá dúró sí ìdí rẹ̀, tí ẹ sì di ojú kan, mìlímítà kan ṣì wà níbẹ̀. Mo ti wá pẹpẹ kan fún un ní igun yàrá, tí ìdí rẹ̀ yóò fara ti ògiri.