"Iṣẹ́ àkànṣe" kọ́ ni pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ tó ń kọ́ nípa òkun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá pé pírójẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ nípa òkun máa ń fọwọ́ ara wọn ṣe, ká kúkú máa pè é ní "iṣẹ́ àkànṣe". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ àkànṣe tá à ń gbọ́ nínú ìròyìn n'Ìbàdàn níbí, títì ni, afárá ni, ọjà tí gómìnà wá ṣí ni. Ẹ sọ fún ìyá kan pé ọmọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àkànṣe, á rò pé ọ̀dọ̀ kọngílá ló wà.

Ẹlòmíì ní "iṣẹ́ ọwọ́", ìyẹn náà ò bọ́ sí i, aṣọ híhun àti igi gbígbẹ́ ni iṣẹ́ ọwọ́. Ó wá ku "ìkọ́ṣẹ́" tí ọ̀pọ̀ ti gbà, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, ọ̀gá ẹ̀ ti mọ bí bùbá yẹn ṣe máa rí kí wọ́n tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án, ohun tí ọ̀gá mọ̀ ló ń kọ́. Àmọ́ ọmọ tó lọ bu omi ọ̀sà l'Ékòó nígbà òjò, tó tún padà lọ bu ú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kó lè mọ bí iyọ̀ inú ẹ̀ ṣe yàtọ̀ síra, olùkọ́ ẹ̀ mọ̀ pé òjò máa ń dín iyọ̀ yẹn kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye tí ọmọ yẹn máa bá níbẹ̀, kò lè sọ ọ́, àfi tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n. Ó ń ṣe é kó lè kọ́ ọ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pè é ní "àṣekọ́". "Àṣekọ́ wa lọ́dún yìí dá lórí iyọ̀ inú ọ̀sà", ṣé ẹ rí i pé ó lọ lẹ́nu?

Ti àwo Secchi ńkọ́, èyí táwọn ọmọ náà fi ń mọ ibi tójú lè ríran dé nínú omi, tẹ́nì kan pè ní "àwo ìmọ́mi"? Rárá o. Àwo pẹrẹsẹ ni, èyí tí wọ́n ń lò lódò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, wọ́n pín ojú ẹ̀ sí mẹ́rin, dúdú méjì, funfun méjì. Angelo Secchi, àlùfáà ará Ítálì, ló fi irú ẹ̀ dán òkun wò lọ́dún 1865, funfun lásán sì ni tiẹ̀. Tọ́mọ ilé-ìwé bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi lórí adágún Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn níbí, á máa fi okùn tí wọ́n ti sàmì sí sọ àwo yẹn kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní rí i mọ́, á kọ ọ́ sílẹ̀, á wá máa fà á bọ̀ títí á fi tún yọ, á kọ ìyẹn náà, á ro méjèèjì pọ̀, á dá a sí méjì. Ibi tójú ríran dé ló ń wọ̀n. Omi kàǹga lè mọ́ gaara kí àrùn kún inú ẹ̀, torí náà ká má ti "mímọ́" bọ̀ ọ́ rárá. "Àwo ìwọnríran" ni mo fara mọ́.

Plankton, ìyẹn àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó ń léfòó kiri nínú omi, tí ọ̀pọ̀ wọn kéré gan-an, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe "kòkòrò omi", ọ̀pọ̀ nínú wọn ò yàtọ̀ séwéko, oòrùn ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ibi tómi bá ń gbé wọn lọ ni wọ́n ń lọ. "Abómirìn" ńkọ́?

Ẹ sì má pe iṣẹ́ Ẹlẹ́yẹlé ní iṣẹ́ òkun mọ́. Odò Ọ̀nà ni wọ́n sé níbẹ̀, omi tútù ni, ìyẹn omi tí kì í ṣe oníyọ̀, nígbà tí kílò kan omi òkun ń gbé iyọ̀ bíi gíráàmù 35.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìlàjẹ ni mò ń wò lójú báyìí. Omi tó wà níbi tí òkun ti ń wọ ọ̀sà, tí kò níyọ̀ tó tòkun, tí kì í sì í ṣe omi tútù, kí lẹ̀ ń pè é nílé? Àwọn ọmọ yìí ń ṣe àṣekọ́ nínú ẹ̀, n ò sì fẹ́ ká jókòó s'Ìbàdàn ká máa wá orúkọ tuntun fún ohun tí àwọn apẹja yín ti sọ lórúkọ látọjọ́ pípẹ́.