Sísun, eérú, àti àmukù ìmọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àbá ẹni wa tó ń túmọ̀ ìlànà yàrá àyẹ̀wò oúnjẹ. Ó pe iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní “sísun ọkà”, ó pe ohun tó kù nínú abọ́ ní “àlùmọ́ọ́nì”, ó sì pe ẹ̀rọ tó ń wọn irin àti síǹkì ní “afamọ́lẹ̀mu”. Mo gbóríyìn fún un, àmọ́ mo ní àtakò díẹ̀.

Bí mo bá sun àgbàdo, màá fi àgbọn jẹ ẹ́ ni. Mo mọ̀ pé a máa ń dáná sun igbó, ṣùgbọ́n ẹ gbé “sun” sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo kí ẹ wo ibi tí ọkàn máa lọ. Inú iná ìléru tó tó 550°C ni wọ́n ń kó ìyẹ̀fun ọkà náà sí, títí dúdú ara rẹ̀ yóò fi pòórá pátápátá. Ẹ jẹ́ ká fi “di eérú” kún un: “sísun di eérú”. Ó parí.

“Àlùmọ́ọ́nì” ńkọ́? Góòlù àti epo rọ̀bì ni mò ń gbọ́ níbẹ̀. Ohun tó wà nínú abọ́, eérú ni, kí a pè é ní eérú. Ojú kò ti àwọn ará Jámánì láti pè é bẹ́ẹ̀: ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọ́n kọ Type 1050 sí lára, eérú tó ń kù bí wọ́n bá sun ún ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, nǹkan bíi mílígíráàmù 1050 nínú 100 gíráàmù ìyẹ̀fun gbígbẹ. Èyí tó funfun jù ń jẹ́ Type 405, nítorí èèpo ọkà, níbi tí eérú pọ̀ sí, ni wọ́n ti kù dànù. (Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ ibi tí èérí ń lọ.) Àwọn ọlọ́ṣẹ dúdú wa náà ò pe eérú èèpo kòkó ní àlùmọ́ọ́nì, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé agbára ọṣẹ wà nínú rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni “afamọ́lẹ̀mu”. Ẹ̀rọ yẹn kò mu nǹkan kan! Wọ́n á fi ásíìdì yọ́ eérú, wọ́n á fọ́n omi rẹ̀ sínú iná, wọ́n á wá tan ìmọ́lẹ̀ fìtílà kọjá níbẹ̀. Irin tó wà nínú iná ló ń mu ìmọ́lẹ̀, tirẹ̀ nìkan ló sì ń mu, bí èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nánómítà 248.3 (nánómítà jẹ́ ìwọ̀n gígùn tín-ín-tín). Ti síǹkì jẹ́ 213.9, irin kì í sábà bá a dù ú. Ẹ̀rọ kàn dúró lódìkejì, ó ń wọn èyí tó ṣẹ́ kù. A ní àjẹkù, a ní àmukù. Kí ló dé tí kò fi ní jẹ́ “ẹ̀rọ awọnàmukù”?

Sódíọ̀mù, èyí tó wà nínú iyọ̀, ló ṣì ń dà mí láàmú. Òun kì í ṣe mímu ni wọ́n sábà fi ń wọ̀n ọ́n: fúnra rẹ̀ ló ń tan ìmọ́lẹ̀ nínú iná, àwọ̀ ìyeyè tí a máa ń rí bí iyọ̀ bá dà sínú iná. Orúkọ wo ni a ó fún ẹ̀rọ tiẹ̀?