Èsì mi lórí "ìfìdímúlẹ̀ ìwọ̀n ìrì-dídì"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ̀gbọ́n kan dábàá pé "ìfìdímúlẹ̀ ìwọ̀n ìrì-dídì" ni ká máa pe iṣẹ́ kan ní Yorùbá, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìparí gúúsù ayé: wọ́n ń fi rédà orí ilẹ̀, ẹ̀rọ tó ń rán ìgbì jáde tó sì ń gba èyí tó ta padà, yẹ bí òjò-dídì tí sátẹ́láìtì wọ̀n ṣe pọ̀ tó wò. Mi ò bá wọn jiyàn lórí "ìwọ̀n".

Ti "ìrì-dídì" ò ṣòroó yanjú, "òjò-dídì" ló yẹ kó jẹ́. Sáàmù 147 ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa tipẹ́: òjò-dídì lọ́tọ̀, ìrì-dídì lọ́tọ̀. Èyí tó ń já bọ́ látòkè ni rédà ń wá, kì í ṣe èyí tó ń sẹ̀ sára koríko.

"Ìfìdímúlẹ̀" gan-an ni wàhálà. Ẹni tó ní òun fẹ́ fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ ti gbà á gbọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. CloudSat, sátẹ́láìtì tí Amẹ́ríkà gbé sókè lọ́dún 2006, tó ṣiṣẹ́ títí di ọdún 2023, kì í rí ohun tó ṣeé gbára lé mú nínú nǹkan bíi mítà 1,200 tó sún mọ́ ilẹ̀ jù. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ gbé rédà lọ sí Dumont d'Urville, ibùdó àwọn Faransé létí òkun níbẹ̀, wọ́n kọjú ẹ̀ sókè. Wọ́n rí i pé bí òjò-dídì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń pọ̀ sí i, àfi ìgbà tó kù díẹ̀ kó balẹ̀ tó tún ń dín kù. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń rọ́ wálẹ̀ látorí òkè yìnyín ló ń fà á gbẹ lójú ọ̀run. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2017 ṣírò òjò-dídì tó ń gbẹ dànù lọ́nà yìí sí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún káàkiri Antarctica. Sátẹ́láìtì ò purọ́ o. Ohun tó wọ̀n kọ́ ló balẹ̀ ni. Kí la wá fìdí ẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀?

"Àtúnwọ̀n" lèmi fara mọ́. Oníbàárà tó fura sí kóńgò ìyá eléwà á gbé kóńgò tiẹ̀ jáde, kò sì tíì sọ pé tòun ló pé. Rédà ilẹ̀ náà ò pé: ìgbì tó ta padà ló ń gbà, ìṣirò ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di mìlímítà omi. Ẹni tó bi mí pé kí ló dé tí wọn ò kàn gbé garawa síta, ìjì ibẹ̀ á gbá yìnyín àná kún un, kò sí bí a ó ṣe mọ tòní yàtọ̀.

Ó ku "àgbègbè afọ́jú" tí ẹnì kan fi pe mítà 1,200 yẹn tí sátẹ́láìtì ò ti rí nǹkan mú. Ta ló fọ́jú? Ìgbì tó ń ta padà lára ilẹ̀ ló lágbára débi pé ó bo ti òjò-dídì mọ́lẹ̀. "Ibi ìtapadà-ilẹ̀" ni ma pè é ní tèmi. Bó bá wúwo lẹ́nu yín, ẹ gé e kúrú, ẹ má sáà dá afọ́jú padà.