Èmi tí mo wá ṣe tíṣà Faransé l'Ékòó: ohun tójú mi rí nígbà tí ìlú gbóná

Ẹ̀yin ará, mo ti ń ka ìtàn yín bọ̀ látàárọ̀ lórí bí ẹ ṣe ṣiṣẹ́ tíṣà nílùú onílùú, ẹni tó ṣe tíṣà ní Ṣáínà, ẹni tó wà ní Sáúdí, ẹni tí ogun ká mọ́ Khartoum tó fi bọ́ọ̀sì sá dé bọ́dà Íjíbítì, Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa o. Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ jáde kúrò ní Nàìjíríà lọ ṣe àlejò níbòmíì. Èmi ní tèmi, Nàìjíríà ni mo wọlé wá ṣe àlejò. Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti Benin Republic o, kì í ṣe Kétu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀jọ́ta, mo tètè là á mọ́lẹ̀ nítorí tí mo bá ti dárúkọ ibẹ̀ báyìí wọ́n á ní ṣé apá Alápẹ̀rẹ̀ ni àbí apá Mile 12.

Ìparí 2011 ni mo dé. Yunifásítì Abomey-Calavi ni mo ti kàwé, mo jáde, mo ń kọ́ni ní wákàtí-wákàtí, owó ọ̀hún ò tó ra ọṣẹ. Ni ẹnì kan bá sọ fún mi pé wọ́n ń wá tíṣà Faransé lójú méjèèjì l'Ékòó, pé síkúùlù aládàáni tó bá ti ń kọ́ Faransé, gàdàgbà ni wọ́n ń kọ ọ́ sára sáìnbọ́ọ̀dù kí owó ilé-ìwé lè gòkè. Irọ́ kọ́. Láti 1996 ni Abacha ti kéde pé Nàìjíríà gbọ́dọ̀ máa sọ Faransé, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìlú tó bá wọn pààlà ló ń sọ ọ́, Benin, Niger, Chad, Cameroon. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wọ kíláàsì JSS2, "Bonjour Madame" tí wọ́n máa ń fà gùn bí orin yẹn, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló parí sí. Surulere ni mo ti ń kọ́ni, Èbúté Mẹ́ta ni mo ń gbé.

Ìyá onílé ò kọ́kọ́ fẹ́ gbà mí. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ Àgànyìn nílé àwọn mọ́, pé èyí tó gbé yàrá náà kẹ́yìn, ẹ̀wà ló ń sè tà, èéfín ti ba ògiri jẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn dáadáa. Wọ́n ní ta ló kọ́ ẹ ní Yorùbá? Mo ní màámi, ọmọ Kétu ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí ájẹ́ǹtì yọ díẹ̀ kúrò nínú kọ́míṣọ̀n ẹ̀, ṣùgbọ́n owó ilé ọdún méjì tí wọ́n pè, wọn ò yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n tán, NEPA, kẹ̀ẹ́gì omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, kọ́ńdọ́ tó ń pariwo "ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o", àti ìpàdé tíṣà ọjọ́ Sátidé tẹ́nikẹ́ni ò sanwó ẹ̀.

Mi ò tíì mọ ojú ọ̀nà tán tí ìlú fi gbóná. Ọjọ́ kìíní oṣù January 2012, ìjọba Jonathan yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo tó jẹ́ 65 náírà jí di 141. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC ti ìlú pa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó nígbà yẹn ẹ ó rántí Ọ̀jọ́ta, bí èrò ṣe pọ̀ tó. Èmi ò débẹ̀. Mo jókòó sílé, mò ń wo àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì Herbert Macaulay, títì tó jẹ́ pé lọ́jọ́ mìíì àdúrà lèèyàn ń gbà kó tó sọdá ẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ìpè bùrọ̀dá mi láti Kétu, inú ń bí wọn gidi. Epo kpayo ni wọ́n ń tà, epo Nàìjíríà tí wọ́n ń gbé gba ẹ̀yìnkùlé wọ Benin, tí wọ́n ń rọ sínú ìgò ńláńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Epo ti wọ́n l'Ékòó, ó ti wọ́n lọ́dọ̀ wọn náà, oníbàárà ń bú wọn. Wọ́n ní kí lẹ̀yin ará Èkó ń ṣe gan-an? Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lèmi di ará Èkó? Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún ìjọba sọ epo di 97, wọ́n dá ìyanṣẹ́lódì dúró, a padà sí kíláàsì, àwọn ọmọ sì ti gbàgbé gbogbo verb tí mo kọ́ wọn.

Ọdún rèé lọ, ọdún rèé bọ̀, mo fò ó. 2019 ló tún le. Ìparí oṣù April, ilé wa ní Benin fúnra ẹ̀ ni wọ́n ti dìbò aṣòfin láìsí ẹgbẹ́ alátakò kankan nínú ìbò, wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ ìbò, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ṣọ́jà yìnbọn ní Cadjèhoun ní Kútọnu, níbi táwọn èèyàn ti kóra jọ sílé Boni Yayi, ààrẹ wa tẹ́lẹ̀. Mo wà ní Surulere, mò ń kọ "passé composé" sójú pátákó, ọkàn mi ò sí níbẹ̀ rárá, àbúrò mi obìnrin ń gbé lápá ibẹ̀, fóònù ẹ̀ ò wọlé. Ó wọlé lálẹ́. Oṣù August wọ́n ti bọ́dà pa nítorí ìrẹsì, gbogbo ọ́fíìsì tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Madame Ìrẹsì", wọ́n ní èmi àtàwọn èèyàn mi la ba ọjà Nàìjíríà jẹ́. Eré ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ September táwọn kan lọ ń fọ́ Shoprite ní Lekki nítorí wọ́n ń kọlu ọmọ Nàìjíríà ní South Africa, eré yẹn ò dùn létí mi mọ́. Àwọn òbí wá kó ọmọ wọn kí ilé-ìwé tó jáde. Tíṣà kan ń sọ̀rọ̀ lórí gbogbo "foreigner" tí wọ́n gbọ́dọ̀ lé, ó wá rántí pé mo jókòó síbẹ̀. Ó ní "Madame, kì í ṣe ẹ̀yin o, ẹ̀yin ti di tiwa." Mo ní ẹ ṣeun, sà. Bí ìlú bá dàrú, ọ̀rọ̀ onílé ò kan àlejò láti sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ onílé mọ ilé àlejò o.

Ọdún 2020 wá ni baba gbogbo ẹ̀. Kòrónà ti ti ilé-ìwé pa láti March, olówó síkúùlù wa sanwó ààbọ̀ fún wa lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ẹ̀ ó ní ká fi Ọlọ́run ṣe. Lẹ́sìn ilé ni mo fi ń jẹun, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé kan ní Lagos Island, apá Lafiaji. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ìwọ́de EndSARS, pé kí wọ́n tú ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS ká, bẹ̀rẹ̀ l'October, wọ́n dí Alausa, wọ́n dí too-geètì Lekki, tó fi di ọjọ́ 19 tí ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí gbogbo síkúùlù tún tilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kejì ẹ̀, Túsìdeè, mo lọ sí Lafiaji nítorí wọ́n jẹ mí lówó, ebi kì í gbọ́ ìwọ́de. Ibẹ̀ ni mo wà lọ́sàn-án tí Gómìnà Sanwo-Olu kéde kónílé-ó-gbélé, pé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an kò gbọdọ̀ sẹ́nì kankan níta. Aago mẹ́rin! L'Ékòó! Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ l'Ajah tó ń gbé Ikorodu ńkọ́, ṣé kó fò ni? Third Mainland Bridge gan-an, wọ́n ń tún un ṣe láti July, apá kan ni mọ́tò ń gbà. Dánfó tó fẹ́ rìn, owó tó pè, mo ní kó máa bá tiẹ̀ lọ. Mo bọ́ bàtà, mo kó o sínú báàgì, mo gba Ìdúmọ̀tà bọ́ sórí bíríìjì Carter.

Èrò orí bíríìjì yẹn ò ṣeé kà. Àwọn dẹrẹ́bà ti pa mọ́tò, wọ́n jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Obìnrin kan ru agbọ̀n tòmátò, omi ẹ̀ ń kán sí i lẹ́yìn ọrùn, kò ráyè nù ún. Ọkùnrin kan tó múra báńkì gbé ọmọ kékeré sọ́rùn, mo rò pé ọmọ ẹ̀ ni, àfìgbà tí ìyá ọmọ, tó ru ẹrù lọ níwájú, bojú wẹ̀yìn tó ní "bọ̀dá, ẹ má jẹ́ kó fa táì yín o." Wọn ò mọra rí. A ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí a fi sọ̀ sí Ìddó, làwọn ọmọkùnrin kan bá dá pákó sójú ọ̀nà, wọ́n ja ewé dání, wọ́n ní ẹni tó bá máa kọjá ó gbọ́dọ̀ pariwo EndSARS. Gbogbo wa pariwo. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ ohùn mi, ó ní "anti, ẹ dúró ná." Ó ní kí n mú káàdì ìdánimọ̀ jáde. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, Faransé ló wà lára ẹ̀. Ó ní ará ibo ni yín? Mo ní Kétu, ní Benin.

"Ṣé ẹ ní SARS lọ́hùn-ún?"

Ẹsẹ̀ mi ti ń gbọ̀n nílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbọ̀n. Mo ní tiwa ń jẹ́ orúkọ mìíì ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èyí tó gba káàdì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi, ó ní "Àgànyìn mi, ẹ sáré, ó kù díẹ̀ kó lu mẹ́rin." Ìgbà tí mo délé ni mo gbọ́ pé wọ́n ti sún un sí aago mẹ́sàn-án, ó jọ pé àwọn náà ti wo gòsílóò.

Alẹ́ yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Pásééjì ni gbogbo ayálégbé jókòó sí, fóònù ẹyọ kan, DJ Switch ń gbé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀ láti too-geètì Lekki, àwọn tó ń wọ́de ń kọ orin orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn náà ìbọn. Orin yẹn, mo mọ̀ ọ́n ju tiwa lọ, àràárọ̀ làwọn ọmọ ń kọ ọ́ létí mi ní àsẹ́ńbílì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ní pásééjì fún ìgbà díẹ̀, bọ̀dá fọ́gánáísà ló kọ́kọ́ dìde, ó lọ ti géètì.

Ilẹ̀ mọ́, èéfín dúdú láti Oyingbo. Wọ́n ti dáná sun ibùdókọ̀ BRT tó wà níbẹ̀, ibi tí mo ti ń wọkọ̀. Ìyá àwọn ọmọ Lafiaji pè mí, wọ́n ní kóòtù Igbosere ń jó, àwọn ń gbóòórùn ẹ̀ nínú yàrá, wọ́n tún ti wọ ààfin Ọba Èkó lọ, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ. Ìyá onílé ní mi ò gbọdọ̀ yọjú síta. Wọ́n ní ní January 1983 tí Shagari lé àwọn àlejò tí ò níwèé, tó fún wọn lọ́sẹ̀ méjì péré, tíṣà ará Gánà kan ń gbé nínú yàrá tí mo wà yìí, ìṣirò ló ń kọ́ wọn níléèwé gírámà, ó kó ẹrù sínú báàgì tí gbogbo ayé ń pè ní Ghana-Must-Go títí dòní, ó sì fi ṣítóòfù ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọ àdúgbò ní ìṣirò bẹ́ẹ̀ mọ́. "Ìwọ, o ò ní fi ṣítóòfù sílẹ̀ fún mi. Jókòó."

Ọjọ́ kejì ẹ̀ wọ́n já ilé ìkẹ́rùsí Mazamaza, àwọn èèyàn rí oúnjẹ kòrónà tí wọ́n ní kò sí mọ́. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa náà lọ, wọ́n gbé páálí Indomie bọ̀, "CACOVID" wà lára ẹ̀ kedere, wọ́n pín in lójúlé-ojúlé. Wọ́n gbé tèmi wá. Ebi ń pa mí, mi ò ní purọ́. Mo ní ẹ ṣeun, mi ò gbà. Wọ́n ní àánú ìjọba ni, ẹ̀tọ́ wa ni! Mo ní ẹ̀tọ́ yín ni lóòótọ́. Tí ọlọ́pàá bá wá tọ pasẹ̀ ẹ̀, ẹ̀yin á ní ebi ń pa wá, ẹ̀gbọ́n yín á mọ DPO, ó tán. Èmi ńkọ́? Wọ́n á ní àlejò wá láti Kútọnu wá jí pálíétífù Nàìjíríà. Lálẹ́, ìyá onílé gbé abọ́ Indomie wá, sísè, ẹyin méjì lórí ẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ tán, kò sí páálí lọ́wọ́ ẹ̀. Mo jẹ ẹ́.

Ẹ wò ó, gbogbo ìgbà yẹn, ìbọn kọ́ ló fẹ́ lé mi lọ. Owó ni. Olówó síkúùlù ka ọjọ́ tí ilé-ìwé fi wà ní títì l'October, ó yọ gbogbo ẹ̀ kúrò nínú owó oṣù, àwọn òbí sì ti sanwó tiwọn pé. Kò síbi tí èmi fẹ́ lọ jà sí. Ọmọ ìlú ń halẹ̀ pé òun á lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n dín èyí tí wọ́n yọ nínú tiẹ̀ kù. Èmi, wọ́n bi mí pé káàdì ìgbéèlú mi ńkọ́. Mo ní in, mo sì gbé e fún wọn, àmọ́ ẹ rí ìbéèrè náà.

Ó wá di 29 May 2023, wọ́n ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ pátápátá, epo di 488 l'Ékòó. Kpayo bùrọ̀dá mi tún fò sókè, lọ́tẹ̀ yìí wọn ò pè mí mọ́, wọ́n ti lọ ń ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e náírà já. 1000 sẹ́fà tí n fi 300 lé díẹ̀ rà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, 2024 ó ti lé ní 2000, ẹ bá mi ṣírò ohun tí owó oṣù tíṣà jẹ́ tó bá dé Kétu. Wọ́n tún ní ìwọ́de ní ìbẹ̀rẹ̀ August 2024, mo ra gàrí àti omi sílẹ̀, Èkó ò gbóná tó ti 2020.

Ẹ ó fẹ́ béèrè pé ṣé mo ṣì wà l'Ékòó. Mo wà, mo ti fi síkúùlù sílẹ̀ ni. Kánádà ló gbà mí là, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá gbọ́ Faransé, máàkì rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i tó bá fẹ́ kó lọ síbẹ̀, làwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ará báńkì, tọkọtaya, bá ń wá mi kí n múra wọn sílẹ̀ fún TEF, ìdánwò Faransé. Lórí Zoom, lálẹ́, tí iná bá wà. Tíṣà tó ní kí wọ́n lé gbogbo foreigner yẹn wà nínú kíláàsì ọjọ́ Thursday, "subjonctif" ló ń pa á lórí, ó sì ń sanwó lásìkò.