Bọ́ọ̀lù ń gbọ́ tèmi ní range, tí mo bá dé pápá ó di ọ̀rọ̀ míì

Ọmọ_Ìkẹjà: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́jọ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ gọ́ọ̀fù, gbogbo Sátidé ni mò ń lọ range, ibi tá a ti ń fi gbígbá bọ́ọ̀lù dánra wò, màá ra bọ́ọ̀lù 100, màá yọ 7 iron, ọ̀kan nínú àwọn irin tá a fi ń gbá a, màá máa gbá a títí apá á fi máa ro mí, tó bá wá ku bí 20 màá mú driver, ọ̀pá gígùn tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù. Tẹ́ ẹ bá rí mi níbẹ̀ ẹ ó ní mo mọ̀ ọ́n gbá, bọ́ọ̀lù á lọ tààrà. Ẹ wá jẹ́ n dé pápá ní Sọ́ńdè, hóòlù àkọ́kọ́ bọ́ọ̀lù wọgbó, ìkejì mo gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹni tó ń kọ ebè, bọ́ọ̀lù ò sì dé ibi tí mo lè ju òkò dé. Kádì mi, ẹni tó ń bá mi gbé àpò irin, kàn kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, kò fẹ́ kí n rí ẹ̀rín òun. Ṣé kí n máa ra 200 ni?

BàbáKádì: Àbúrò, má ra 200 o, owó ẹ lo fẹ́ fi ṣòfò yẹn. Máàtì ló ń tàn ẹ́ jẹ. Rọ́bà ṣáà ni, tí irin ẹ bá kọ́kọ́ balẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, á yọ̀ lórí máàtì á sì tún lọ bá bọ́ọ̀lù, ìwọ á rò pé o gbá a re. Lórí koríko, àgàgà lásìkò òjò tílẹ̀ rọ̀, irin á rì síbẹ̀ ni. Mú táwẹ́ẹ̀lì kékeré kan, ká a, tẹ́ ẹ sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, kó fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí i. Tó o bá ti gbá táwẹ́ẹ̀lì, o ti gbẹ́ ilẹ̀ nìyẹn. Bọ́ọ̀lù ni kí irin kọ́kọ́ bá kó tó kan ilẹ̀. Ti driver yàtọ̀ o, torí orí tíì, igi kékeré tó ń gbé bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀, ni bọ́ọ̀lù tiẹ̀ wà. Ọ̀gá kan tí mo ní kó ṣe é, nínú mẹ́wàá, mẹ́jọ ló gbé táwẹ́ẹ̀lì fò, ó bínú sí mi débi pé kò fún mi lówó omi lọ́jọ́ yẹn 😂

Adé_Kent: Òótọ́ ni bọ̀dá sọ, àmọ́ ọ̀gá mi, ta ló ń gbá 7 iron 80 ìgbà léraléra lórí pápá? Èmi níbí, tí òtútù bá ti dé, orí range ni mo ti ń gbá pápá wa. Hóòlù àkọ́kọ́ par 4 ni, ìyẹn ni pé ìgbá mẹ́rin ló yẹ kí bọ́ọ̀lù fi wọ ihò, màá mú driver, màá ní àárín pólì méjì yẹn ni fairway, ojú koríko tó yẹ kí bọ́ọ̀lù bọ́ sí, tó bá yà sọ́tùn-ún, màá ro iye yáàdì tó kù, màá mú irin tó yẹ, ó lè jẹ́ wedge, irin fún ibi tó sún mọ́, ló kàn. Bọ́ọ̀lù kan, irin kan, kò sí àtúngbá. Kẹ́ ẹ tó gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ padà sẹ́yìn bọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ wo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ. Jack Nicklaus, ògbóǹtarìgì agbá-gọ́ọ̀fù ọmọ Amẹ́ríkà, gan-an máa ń wá àmì kékeré kan níwájú bọ́ọ̀lù tó máa fi dúró. Bọ́ọ̀lù 40 á tó yín fún wákàtí kan. Ẹ má sì fi bọ́ọ̀lù range wọn jíjìn o, púpọ̀ nínú wọn ti gbó, wọn kì í lọ tó bọ́ọ̀lù gidi.

Ìyá_Tọ́lá: Ẹ̀yin ọkùnrin, driver àti irin nìkan lẹ mọ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ putt, ìyẹn ká rọra ti bọ́ọ̀lù lọ sínú ihò! Pápá par 72, putt méjì méjì ní hóòlù 18, 36 nìyẹn, ìdajì gbáko. Ẹ fi ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún un, ọ̀fẹ́ ni ní ibi púpọ̀.

Ọmọ_Ìkẹjà: Ẹ ṣé gan-an. Mo dán ti táwẹ́ẹ̀lì wò lánàá. Bàbá, mẹ́jọ kọ́ o, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni. Táwẹ́ẹ̀lì ìyàwó mi ni mo sì mú, ó ti ya, mi ò tíì sọ fún un.