Sáfà kan ṣí, èkejì ní òun ò mọ̀ mí rí

Akọ̀wé Owó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà. Sáfà méjì, kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń kó fáìlì sí, ló wà ní ọ́fíìsì wa n'Íbàdàn. Windows Server ni ti owó, Linux àtijọ́ tó ń lo Samba, ètò tó ń jẹ́ kí Windows rí fáìlì inú Linux, ni ti sítóò. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún mi ní kọ̀ǹpútà tuntun, Windows 10, ti owó ń ṣí, ṣùgbọ́n ti sítóò ní òun ò mọ̀ mí rí. Bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ ń ṣí méjèèjì! Tí mo bá wá délé, kò sí èyí tó ń ṣí nínú wọn. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ní ká ṣáà ṣí pọ́ọ̀tù 445 lórí ráútà, kó parí. Ṣé ká ṣí i?

Ẹ̀gbọ́n Nẹ́tíwọ́ọ̀kì: Háà! Ẹ má dán an wò. Ojú ọ̀nà tí SMB, èdè tí Windows fi ń pín fáìlì, ń gbà ni 445. Ní oṣù karùn-ún 2017, ihò inú SMB1, SMB ti àtijọ́, ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà wọlé tó fi ti fáìlì àwọn ilé ìwòsàn Ìlú Ọba pa. SMB1 yẹn náà ló ń dà yín láàmú: ọdún yẹn ni Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ kúrò nínú Windows 10, ó sì jọ pé òun nìkan ni sáfà sítóò yín gbọ́. Kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ tẹ `smbd -V`, tó ń sọ nọ́ńbà Samba tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ohun tó bá jáde.

Ìyá Ìbejì: Kẹ́ ẹ tó rí ìyẹn ṣe, bí SSH, ọ̀nà àtiwọ kọ̀ǹpútà láti orí òmíràn, bá wà lórí Linux yẹn, ẹ fi WinSCP, ètò tó ń gbé fáìlì, wọ̀ ọ́ nípasẹ̀ SFTP, ọ̀nà tí SSH fi ń gbé fáìlì, pọ́ọ̀tù 22. Ẹ kàn fojú sí orúkọ fáìlì o. Lójú Linux, Oja.xlsx àti oja.xlsx kì í ṣe ọ̀kan náà. Oṣù kan gbáko làwa fi ń kọ ọjà sínú fáìlì méjì! Ẹ̀dà ni WinSCP sì ń gbé wá fún yín. Bí ẹlòmíì bá ń tún fáìlì náà ṣe lọ́wọ́, iṣẹ́ ẹni tó bá fi pamọ́ gbẹ̀yìn ló máa kù.

Akọ̀wé Owó: Ẹ ṣeun, mà. Ó ní 3.6.23.

Ẹ̀gbọ́n Nẹ́tíwọ́ọ̀kì: Mo fura! SMB2 wà nínú rẹ̀, wọn ò kàn tàn án ni. Ẹ kọ `max protocol = SMB2` sábẹ́ `[global]` nínú smb.conf, fáìlì ètò Samba, kẹ́ ẹ pa Samba, kẹ́ ẹ tún un tàn. Ìyẹn á gbé yín dé ìparí oṣù, àmọ́ ẹ pààrọ̀ ògbólógbòó yẹn. Ní ti ilé, WireGuard, VPN tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti ilé dé ọ́fíìsì, ni kẹ́ ẹ gbé sí ọ́fíìsì. Tó bá ti so, bíi pé ẹ jókòó síbẹ̀ ni. Bí orúkọ sáfà ò bá jẹ́, ẹ fi nọ́ńbà pè é, bíi `\\192.168.1.10`.

Akọ̀wé Owó: Sítóò ti ṣí o, ẹ̀gbọ́n! Ti ilé ló kù. Ẹni tó mọ password ráútà ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún méjì.